Ẹ Má Fi Gbólóhùn Kan Ṣoṣo Sìnkú Julio Anguita

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè wá fún wa lédè wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, àmọ́ ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí àwọn pátì apá òsì ní Spéìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ìgbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ní rárá, ẹnu mi ò lè gba èyí, mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Nínú gbogbo ojú ìwé yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi sọ ti Julio Anguita, olórí àwọn kọ́múníìsì Spéìn nígbà kan, ẹ ní òun tó gba ipò lọ́wọ́ Iglesias, tó sì kú lọ́dún 2019, lọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn ìjọba fáwọn apá ọ̀tún lọ́dún 1996. Ó parí. Ẹ bá tiyín lọ sórí Podemos, pátì apá òsì tó dé lẹ́yìn wọn.

Córdoba ní Spéìn ni mò ń gbé, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá báyìí, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀, mi ò sí nínú pátì kankan, mi ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sílé aṣòfin wọn, torí náà kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkùnrin yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ rárá. Wọ́n á ní kò wọlé, wọ́n á ní kò dé ipò olórí ìjọba, wọ́n á ní ó ba tẹlòmíì jẹ́, ó tán. Wọn kì í bi ara wọn pé kí ló ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, ta ló sì kọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò ńlẹ̀ ná. Ẹ ní ọwọ́ Iglesias ni Anguita ti gba ipò, ẹ wá fi fọ́tò Pablo Iglesias sí i, èyí tó máa ń di irun rẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òun o. 1978 ni wọ́n bí Pablo Iglesias ti Podemos, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí Anguita di akọ̀wé àgbà pátì kọ́múníìsì, ìyẹn PCE, ní 1988. Pablo Iglesias míì tún wà tó ti kú tipẹ́tipẹ́, ìyẹn ló dá PSOE, pátì àwọn sósíálíìsì, sílẹ̀ ní 1879. Iglesias tọ́rọ̀ kàn níbí yìí ni Gerardo Iglesias, awakùsà láti Asturias, ẹni tó ti ń wa èédú látìgbà èwe rẹ̀. Òun ló gba pátì náà lọ́wọ́ Santiago Carrillo níparí 1982, lẹ́yìn tí wọ́n já láti ìjókòó 23 sí 4 péré nínú ilé aṣòfin tó ní ìjókòó 350, ìyẹn kì í ṣe ogún téèyàn ń jà sí rárá. Ìgbà tiẹ̀ ni wọ́n dá Izquierda Unida (IU), ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn apá òsì para pọ̀ sí, sílẹ̀ ní 1986, àwọn tó para pọ̀ dá a sílẹ̀ ni àwọn tó jọ ta ko ẹgbẹ́ ológun NATO nínú ìbò tí wọ́n dì lórí ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tí Gerardo Iglesias fipò sílẹ̀, ibo lẹ rò pó lọ? Inú kòtò èédú ló padà sí. Olórí pátì àná tún wọ aṣọ iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ yẹn náà ló sì ti ṣèṣe. Fọ́tò ọkùnrin yẹn ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó dáa, ó ku Anguita. Fuengirola létí òkun Málaga ni wọ́n bí i sí ní 1941, ìdílé ológun ni, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ wọṣọ ìjọba, òun yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, ó lọ ṣe tíṣà. 1972 ló wọ PCE, ẹ rántí pé Franco, apàṣẹwàá ilẹ̀ Spéìn, ṣì wà láyé nígbà yẹn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń san irú ẹ̀ fún èèyàn, 1977 ni wọ́n tó fún pátì náà láṣẹ láti jáde síta. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tó wá pátì tó ń lówó lọ́wọ́, pátì tí wọ́n ń lé kiri ló lọ bá.

Lóṣù kẹrin 1979, wọ́n dìbò ìjọba ìlú àkọ́kọ́ lẹ́yìn Franco. PCE ṣe ipò kìíní ní Córdoba, àmọ́ kánsẹ́lọ̀ wọn ò tó ìdajì, Anguita di méyọ̀, nínú gbogbo olú ìlú ìpínlẹ̀ tó wà ní Spéìn, ibẹ̀ nìkan ni kọ́múníìsì ti ṣe méyọ̀. Àwọn èèyàn wá sọ ọ́ ní Kálífà Pupa, torí Córdoba yìí náà ni kálífà ń jókòó sí láyé àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣàkóso ibẹ̀, pupa yẹn sì jẹ́ àwọ̀ pátì rẹ̀. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára títí tó fi kú. Ìgbà kan wà tí ìjọba ìlú fún àwọn Mùsùlùmí láyè láti lo ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Santa Clara, inú bíṣọ́ọ̀bù ò dùn sí i, ó kọ̀wé. Èsì Anguita ṣì wà lẹ́nu àwọn ará ìlú títí dòní: ẹ̀yin kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù mi, àmọ́ èmi ni méyọ̀ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí o, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó dìbò fún un àti ẹni tí kò dìbò fún un, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin ìlú, bíṣọ́ọ̀bù náà wà lábẹ́ ẹ̀, kó sì tọ́jú òun náà bíi gbogbo ará ìlú.

Bàbá àgbà kan wà tó ń gbé lókè wa, bírìkìlà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà àtẹ̀gùn pé ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn, PSOE làwọn ń dìbò fún, Felipe González olórí pátì náà làwọn fẹ́ràn, àyàfi ọdún 1983, "ìyẹn jẹ́ ti Julio." Wọn ò pè é ní Anguita rí létí mi, Julio ni, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò wọn. Àfìgbà tí mo lọ kàwé nípa ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ tó yé mi. Lóṣù kẹwàá 1982 PSOE gba ìjókòó 202, wọ́n gbá gbogbo Spéìn mọ́lẹ̀, PCE fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Oṣù méje péré lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ará Córdoba kan náà, wọ́n fún méyọ̀ kọ́múníìsì ní ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ tí kò fi nílò kó bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ṣèjọba. Èèyàn ò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rí irú ẹ̀ gbà, wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ni.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ du ipò ní Andalucía, ẹkùn tí Córdoba wà, ní 1986, IU ní ìjókòó 19 nínú ilé aṣòfin ibẹ̀, ọdún 1988 ló di akọ̀wé àgbà PCE, ọdún tó tẹ̀ lé e ló di olùdarí IU. Ọ̀rọ̀ kan ló wá gbé lọ sí Madrid, ọ̀rọ̀ náà sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn: ètò, ètò, ètò. Nígbàkígbà tí wọ́n bá bi í pé ṣó máa bá González ṣe, ìdáhùn kan náà ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ ohun tá a fẹ́ ṣe sílẹ̀, iye wákàtí táwọn òṣìṣẹ́ á máa ṣe, owó orí tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ ta ni, ilé tí wọ́n á kọ́, ọjọ́ tí wọ́n á ṣe é, ká fọwọ́ sí i, ká gbé e síta káwọn tó dìbò fún wa lè kà á, lẹ́yìn ìyẹn la tó máa sọ ẹni tó máa jókòó síbo. Wọ́n ní ọkùnrin yìí ti le jù, wọ́n ní tíṣà ni kì í ṣe òṣèlú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iyì ẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wo ìwé, kì í ṣe ojú òun, ó ti fún aráàlú ní ohun tí wọ́n lè fi mú un bó bá yẹhùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn tẹ́ ẹ ló ṣí. Ẹ bá mi mú bírò kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò, kò le rárá. Ilé aṣòfin 350, kéèyàn tó lè sọ pé òun ní ju ìdajì lọ, 176 ló máa ní. Lóṣù kẹta 1996, PP, pátì apá ọ̀tún ti José María Aznar, ní 156, PSOE ti Felipe González ní 141, IU ti Anguita ní 21. Ẹ ro 141 mọ́ 21. Méjìlélọ́gọ́jọ ni, 162. Ká ní Anguita tiẹ̀ dojúbolẹ̀ fún González lálẹ́ ọjọ́ ìbò yẹn, kó kó gbogbo ìjókòó 21 lé e lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, ó ṣì ku 14. Ta ló ní 14 yẹn lọ́wọ́? CiU ti Jordi Pujol ní Catalonia, 16 ni tiwọn. Pujol sì bá Aznar lọ, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn wọn ní òtẹ́ẹ̀lì Majestic ní Barcelona, àwọn PNV ti ilẹ̀ Basque fi 5 sí i, àwọn ará erékùṣù Canary fi 4 sí i, ó di 181, Aznar gorí àga. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kí ni ti Anguita níbẹ̀?

Ẹ tún wá wo ti 1993, èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀. Ọdún yẹn PSOE ní 159, IU ní 18. Ẹ rò ó. 177. Ó pé, ó tiẹ̀ fi ẹyọ kan lé. Àwọn apá òsì méjèèjì lè jọ ṣèjọba láìbẹ olówó kankan. González ò gba ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Pujol ló lọ, ìjókòó 17 ti CiU ló yàn, torí ohun tí Pujol ń bèèrè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fún un ju ohun tí Anguita ń bèèrè lọ. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni o, òun ló wọlé, òun ló ní agbára láti yan ẹni tó wù ú. Àmọ́ ẹ má wá sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé Anguita ni kò fẹ́ ìṣọ̀kan. Lákòókò kan náà sì ni ìwà ìbàjẹ́ ń tú jáde lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ ìjọba PSOE, Luis Roldán tó ti jẹ́ olórí àwọn ọlọ́pàá Guardia Civil sá lọ, wọ́n gbé ẹni tó jẹ́ gómìnà báǹkì àgbà tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ọ̀rọ̀ GAL náà ń rùn, ìyẹn àwọn agbanipa tí wọ́n fi owó ìjọba san owó iṣẹ́ fún. Ṣé kí Anguita pa ẹnu mọ́ torí pé wọ́n jọ ń jẹ́ apá òsì ni?

Ohun míì tún wà tẹ́ni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín ìjókòó ní Spéìn ò ní mọ̀. Ìbò tí IU ní lọ́dún 1996 lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì, ìjókòó 21 ni wọ́n fún wọn. CiU ní mílíọ̀nù kan àti díẹ̀, wọ́n gba 16. Ìyẹn ni pé ìjókòó kan ń ná IU ní ìbò bíi 125,000, ó ń ná CiU ní bíi 72,000. Kò sí ojóóró níbẹ̀ o, bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ka ìbò tiẹ̀, ìpínlẹ̀ kékeré tó ní ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn pátì ńlá méjì yẹn ló máa ń gbá a lọ, ẹni tó bá ṣe ipò kẹta á lọ sílé lọ́wọ́ òfo bó tiẹ̀ ní ìbò 30,000. Pátì tí èèyàn ẹ̀ kóra jọ sójú kan bíi CiU máa ń jèrè, pátì tí èèyàn ẹ̀ wà káàkiri bíi IU máa ń pàdánù. Lójú ọ̀nà tó rí báyẹn ló ti gbé wọn láti 7 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, sí 17, sí 18, sí 21. Lẹ́yìn tó kúrò lójú ìpolongo, tí ẹlòmíì du ìbò 2000, 8 ni wọ́n ní.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, torí náà mi ò ní purọ́ fún yín pé kò ṣàṣìṣe. Ti Andalucía ṣe mí bákan. Ọdún 1994 IU ní ìjókòó 20 nínú ilé aṣòfin ibẹ̀, PSOE ní 45, PP ní 41, nínú ilé tó jẹ́ 109. Apá òsì pọ̀ rẹpẹtẹ. Kàkà kí wọ́n jọ jókòó, IU àti PP jọ gba àga àwọn olórí ilé aṣòfin, wọ́n sì jọ dá bọ́jẹ́ẹ̀tì Manuel Chaves, olórí ìjọba ibẹ̀ láti PSOE, dúró, ìjọba ò lè rìn, ìbò tún dé ní 1996 kó tó tó àkókò. Àwọn ará ibẹ̀ fìyà jẹ IU lójú ẹsẹ̀, láti 20 wọ́n bọ́ sí 13. Àwọn ìwé ìròyìn Madrid pe àjọṣe yẹn ní ẹ̀mú, pé Anguita àti Aznar jọ fi ẹ̀mú mú PSOE láàárín, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo mọ̀ pé ó láwọn ìdí ẹ̀, mo mọ̀ pé ó fi òṣèlú wé odò, ó ní etí méjì ló ní, PSOE àti PP jọ wà létí kan torí pé ètò ọrọ̀ ajé kan náà ni wọ́n ń ṣe, IU nìkan ló wà ní òdìkejì. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ oko ólífì tó ń dúró de owó ìrànwọ́ ẹ̀ lábúlé kan ní Jaén, kò rí odò kankan, ohun tó rí ni pé ẹni tóun dìbò fún ń gbọ́wọ́ sókè pẹ̀lú àwọn ọmọ olówó. Ó yẹ kó ti rí ìyẹn. Ó tún le mọ́ àwọn tirẹ̀ náà, lọ́dún 1997 wọ́n lé àwọn Nueva Izquierda, ẹgbẹ́ kan láàárín wọn, dànù nínú IU, wọ́n yapa pẹ̀lú àwọn ará Catalonia, àárín òun àti olórí yúníọ̀nù ńlá CCOO náà ò dán mọ́rán, ẹni tó bá ń ṣe òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ tí ò sì bá yúníọ̀nù wọn ṣe, ọwọ́ kan ti gé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìjà yẹn, ọ̀rọ̀ Maastricht ló wà nídìí ẹ̀, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1992 tó bí owó yúrò. Gbogbo èèyàn ń jó nígbà yẹn, kódà àwọn kan nínú IU ń jó, bí èèyàn bá sọ pé òun ò fẹ́, bí ọ̀tá Yúróòpù ni wọ́n ṣe ń wò ó. Anguita ń lọ láti gbọ̀ngàn kan sí òmíì pẹ̀lú ìwé àdéhùn yẹn, ó ń ṣàlàyé ẹ̀ bíi tíṣà tó jẹ́: gbèsè ìjọba kò gbọ́dọ̀ ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, owó tí wọ́n ná lé owó tó wọlé kò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá ń béèrè pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iye àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ? Kò síbẹ̀. Mo wà ní Spéìn nígbà tí ìlú gbóná lẹ́yìn 2008. Lọ́dún 2011 PSOE àti PP jọ para pọ̀, wọ́n tún abala 135 nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé sísan gbèsè ló máa ṣáájú ìnáwó yòówù. Nígbà tó fi di 2013, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó lè ṣiṣẹ́, ó ju 26 lọ tí kò ríṣẹ́. Èmi náà wà nínú wọn fún oṣù mọ́kànlá. Mo máa ń lọ jókòó sétí odò Guadalquivir láàárọ̀ torí mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi máa rí mi nílé, àwọn ọkùnrin bíi tèmi máa ń pọ̀ níbẹ̀, a ò kì í bára wa sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ara mi ń gbọ̀n, torí ó dà bíi pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́.

Ọkàn rẹ̀ ò lera. 1993 ní Barcelona ló kọ́kọ́ dá a dúbúlẹ̀, láàárín ìpolongo ìbò, kò sinmi. Ó tún padà ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi lè du ìbò 2000, Francisco Frutos ló du ú. Ọdún yẹn ló fi IU sílẹ̀ fún Gaspar Llamazares. Ó ti jẹ́ aṣòfin láti 1989 dé 2000, ẹ̀tọ́ wà fún un láti gba owó ìfẹ̀yìntì aṣòfin, ó ní òun ò fẹ́, ó padà sí Córdoba, ó lọ kọ́mọ níléèwé, nígbà tó fẹ̀yìn tì, pẹ́ńṣọ̀n tíṣà ló ń gbà. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Gerardo Iglesias nínú kòtò èédú, Anguita níwájú bọ́ọ̀dù, ẹni méjì tó tẹ̀ lé ara wọn nípò kan náà. Ẹ lè máa bá wọn jà lórí ìlànà wọn, mo gbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ kọ èyí náà sínú ìwé ìròyìn.

Mo wá dé ibi tí ọwọ́ mi ti ń wúwo. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2003. Ogun Ìrákì ti bẹ̀rẹ̀, Aznar ti lọ ya fọ́tò pẹ̀lú Bush àti Blair ní erékùṣù Azores, àwọn aráàlú Spéìn ti fi mílíọ̀nù èèyàn jáde pé àwọn ò fẹ́ ogun. Ọmọ Anguita, Julio Anguita Parrado, akọ̀ròyìn El Mundo ni, ẹni ọdún 32, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lẹ́bàá Baghdad. Mísáìlì àwọn ará Ìrákì bọ́ sí ibi tí wọ́n wà, ó pa òun àti akọ̀ròyìn ará Jámánì kan. Ìròyìn náà bá bàbá rẹ̀ ní Getafe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madrid, nínú gbọ̀ngàn eré, èrò ti jókòó, wọ́n ń retí kó wá sọ̀rọ̀. Ó jáde sí wọn. Ó ní ọmọ òun àgbà ti kú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ogún ọjọ́ sẹ́yìn ló wà lọ́dọ̀ òun, ó sọ pé òun fẹ́ lọ síwájú ogun, ó ti ṣe ojúṣe ẹ̀, òun náà á ṣe tòun. Ó ní mísáìlì Ìrákì ni, àmọ́ ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ó wá ní: "Ègún ni fún ogun, àti fún àwọn ìkà tó ń dá a sílẹ̀."

Èmi náà bímọ ọkùnrin. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe máa gbé mi dé iwájú èèyàn nírú ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo sì máa ń rò ni pé gbogbo ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún un láti fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ̀ ṣe òṣèlú, kó ní Amẹ́ríkà ló pa á, ta ló máa já a nírọ́ nírọ̀lẹ́ yẹn? Ohun tó mọ̀ pó jẹ́ òótọ́ ló sọ, pé ọwọ́ Ìrákì ló ti wá, ó sì dá ẹ̀bi náà lé ogun fúnra ẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn lu òtẹ́ẹ̀lì Palestine ní Baghdad, ó pa José Couso, ayafídíò tẹlifíṣọ̀n Spéìn kan.

Àwọn ọmọ tó wá dá Podemos sílẹ̀ ní 2014, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni wọ́n gbọ́ dàgbà. Lóṣù kẹfà 2016, nígbà tí Podemos àti IU ti para pọ̀, Anguita jáde sórí pèpéle ní Córdoba, Pablo Iglesias dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Pablo Iglesias tí fọ́tò ẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn yín nìyẹn, ṣẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò bára mu? Lóṣù kìíní 2020 wọ́n wọ ìjọba pẹ̀lú PSOE, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ètò tí wọ́n gbé síta, Alberto Garzón di mínísítà, Yolanda Díaz di mínísítà iṣẹ́, ọmọ PCE làwọn méjèèjì nígbà yẹn. Láti ìgbà ogun abẹ́lé wọn, kọ́múníìsì ò wọ ìjọba rí níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni bàbá yẹn fi rí i.

Ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2020 ló kú, ní Córdoba níbí, kì í ṣe 2019 tẹ́ ẹ kọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Òfin Kòrónà ṣì wà níta, wọn ò gbà kéèyàn péjọ bó ṣe wù ú. Ní gbogbo àkókò yẹn, táago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, gbogbo Spéìn á jáde sójú wíńdò, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fáwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, ó ti di àṣà, á tó bí ìṣẹ́jú méjì, kóówá á sì tilẹ̀kùn ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn a pàtẹ́wọ́, a dákẹ́, a fẹ́ wọlé. Mo wá ń gbọ́ àtẹ́wọ́ kan lókè tí kò dúró. Mo yọ orí síta, mo gbójú sókè. Bàbá bírìkìlà yẹn ni, ẹni tó ń dìbò fún PSOE, wọ́n fi ìgbáyà lé irin bákónì, ọwọ́ wọn tóbi, ó ti le nítorí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń pa á ní díẹ̀díẹ̀, pá, pá, pá. Obìnrin kan ní ilé òdìkejì dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹnì kan ní ìsàlẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Olóòtú, nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, ẹ bá wa tún ọdún yẹn ṣe, ẹ yọ fọ́tò Pablo, kẹ́ ẹ fi ti Gerardo sí i, tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ kọ ọ́ pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn ní 1996, ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 141, 21, 176.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Córdoba.